Gberefu àti Ukraine: Ohun Tí Ogun Ń Fi Ènìyàn Ṣe

 Gberefu ní Àgbádárìgì, ilẹ̀ àwọn Ogu, ni mo dúró sí, Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn Ukraine, àti ohun tí ìtàn náà lè kọ́ wa nípa ogun àti òmìnira. Àwọn kan ti bi mí pé kí ló kan Gberefu nínú ọ̀rọ̀ Ukraine. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé n kò mọ ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́ ju ibí lọ. Ẹni tí ogun bá ṣẹ́gun, tí kò pa á, ó ní ohun tí ogun máa ń fi í ṣe. Lórí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe é parí. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n á kó àwọn ènìyàn láti Àgbádárìgì, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá ọ̀sà, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin inú iyanrìn títí dé etí òkun ńlá. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ibí sọ pé wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ló kù. Ibi tí àwọn àlejò ń lọ wò lónìí tí wọ́n ń pè ní ibi tí a kì í ti padà, ilé yín ni. Ẹ̀yin lẹ ń gbé níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń jí sí ariwo omi náà láràárọ̀.

Àwọn tí wọ́n kó kọjá níbí, níbo ni wọ́n ti wá? Ogun ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn, gbèsè ló kó wọn, tàbí ìjínigbé, tàbí ẹjọ́ tí wọ́n dá tì. Ṣùgbọ́n láìsí ogun, ọjà ẹrú yẹn kò ní kún.

Ìlú Àgbádárìgì gan-an, ogun ló bí i. Ní 1724, Agaja ọba Dàhòmì gba Alada. Ní 1727, ó gba Ouidah. Àwọn tó sá fún ogun wọ̀nyí tẹ̀ lé etí ọ̀sà wá sí ìhà ìlà oòrùn, àwọn kan nínú wọn sì tẹ̀dó síbí. Ìlú asásàálà ni, ìlú àwọn tí ilé wọn jó lẹ́yìn wọn. Kò sì pẹ́ rárá tí ìlú àwọn tó sá fún ogun fi di ọjà tí wọ́n ti ń ta àwọn tí ogun kó. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Ní 1784, Dàhòmì tún dìde, àwọn aládùúgbò kan bá a lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì fọ́ Àgbádárìgì. Àwọn tó ń ta ènìyàn lánàá wá di ẹni tí wọ́n lè tà lónìí. Ẹ sì mọ ilé Sẹ́ríkí Williams Abass tó wà lódìkejì omi níbẹ̀ yẹn, ilé oníyàrá 40 tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò níbẹ̀ ni pé wọ́n kó ọkùnrin náà lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé kéèyàn jìyà nìkan kò tó láti sọ ọ́ di olùfẹ́ òmìnira. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, torí a óò tún pàdé rẹ̀ ní Ukraine.

Ìlà oòrùn Yúróòpù ni Ukraine wà. Òkun Dúdú wà ní gúúsù rẹ̀, Póláǹdì wà ní ìwọ̀ oòrùn, Rọ́ṣíà sì wà ní ìlà oòrùn. Odò Dnipro la àárín rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, àlìkámà sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀ débi pé gbogbo alágbára tó sún mọ́ ọn ló ti fẹ́ gbà á rí. Kyiv, olú ìlú rẹ̀, ti dàgbà. Ní 988, Volodymyr ọba Kyiv gba ẹ̀sìn Kristi fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìgbà tí orúkọ Moscow kọ́kọ́ hàn nínú ìwé, 1147 ni. Ẹ rántí ọdún méjèèjì yìí nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé Kyiv kì í ṣe nǹkan kan àfi ẹ̀ka Moscow.

Àwọn Mongol fọ́ Kyiv ní 1240. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ yẹn ti ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, Lithuania, Póláǹdì, àwọn mìíràn. Ní gúúsù, ní Crimea, àwọn Tatar ní ìjọba tiwọn, abẹ́ ọba Tọ́kì ni wọ́n sì wà. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún ìjọba yẹn jù ni kíkó ènìyàn. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọn á gòkè lọ sí àwọn abúlé àgbẹ̀, wọ́n á yí wọn ká ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á sun ilé, wọ́n á pa arúgbó, wọ́n á sì so ọmọdé àti ọ̀dọ́ mọ́ra wọn. Kaffa, ìlú etí òkun tí wọ́n ń pè ní Feodosia lónìí, ni ọjà náà wà. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó wọn lọ sí Istanbul. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1500 sí 1700, àwọn tí wọ́n kó lọ́nà yìí láti ilẹ̀ Póláǹdì, Ukraine àti Rọ́ṣíà tó mílíọ̀nù méjì. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, tí àwọn Tọ́kì sọ ní Hürrem, di ìyàwó Ọba Süleyman, orúkọ rẹ̀ sì kù nínú ìtàn títí di òní. Àwọn yòókù kò ní orúkọ mọ́.

Mo ń sọ èyí létí òkun yìí nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé àwa nìkan ni wọ́n ṣe irú èyí sí. Ohun tí wọ́n ṣe sí wa lórí Òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀n àti ìkà tirẹ̀. Wọ́n sọ àwọ̀ ara di ẹ̀sùn, wọ́n fi ìran lé ìran lọ́wọ́, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ukraine funfun, wọ́n sì tún jẹ́ Kristẹni, ìyẹn kò gbà wọ́n. Ibi tí ọjà ènìyàn bá wà tí ogun sì wà, ẹni tí kò lágbára nítòsí ni wọ́n ń kó.

Nínú ìpọ́njú yẹn ni àwọn Cossack ti jáde. Àwọn tó sá kúrò lábẹ́ olówó wọn, tí wọ́n kọ̀ láti sìn, kóra jọ sí àwọn erékùṣù inú odò Dnipro, ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já lórí àpáta. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń jagun, wọ́n sì ń yan olórí wọn fúnra wọn. Inú omi ni wọ́n fi ṣe odi, bí àwọn tó tẹ Àgbádárìgì dó ti fi ọ̀sà ṣe tiwọn. Wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ kéékèèké kọjá Òkun Dúdú lọ kọlu etíkun àwọn Tọ́kì, wọ́n sì ń tú ìgbèkùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1648, olórí wọn Bohdan Khmelnytsky gbógun ti Póláǹdì, àwọn àgbẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Akọni ni wọ́n ń pè é ní Ukraine títí di òní. Síbẹ̀ nínú ogun òmìnira yẹn kan náà, àwọn tó ń jà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Júù tí wọ́n jọ ń gbé ìlú, tọkùnrin tobìnrin àti ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìtàn Ukraine gbọ́dọ̀ kọ́ apá yìí pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìtàn Àgbádárìgì kò ṣe lè fo ọjà ẹrú Vlekete.

Khmelnytsky rí i pé òun nìkan kò lè ká Póláǹdì. Ó wá aláàbò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1654, ní ìlú Pereiaslav, ó gbà kí Tsar, ọba Moscow, di aláàbò àwọn Cossack. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tó yẹ kí gbogbo olórí ìlú mọ̀. Àwọn Cossack ní kí àwọn ikọ̀ Tsar náà búra lórúkọ ọ̀gá wọn pé Tsar yóò pa ẹ̀tọ́ àwọn Cossack mọ́. Àwọn ikọ̀ kọ̀. Wọ́n ní Tsar kì í búra fún ọmọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn Cossack rò pé àdéhùn láàárín ẹni méjì ni wọ́n ń ṣe. Lójú Moscow, ìwólẹ̀ ni. Khmelnytsky búra tirẹ̀ síbẹ̀, torí ogun ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1775, ọbabìnrin Catherine ti Rọ́ṣíà fọ́ odi àwọn Cossack lórí Dnipro. Ní 1783, ó fi òfin de àwọn àgbẹ̀ Ukraine mọ́ ilẹ̀ olówó wọn: wọn kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ àwọn tó wá ààbò lọ sí Moscow di ẹni tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ilẹ̀.

Ǹjẹ́ àwa mọ irú aláàbò bẹ́ẹ̀? A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè ọba Èkó kúrò lórí oyè. Àgbádárìgì ni Akítóyè sá wá, Ẹfúnróyè Tinúbú oníṣòwò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbí pẹ̀lú rẹ̀. Ìjà Èkó tẹ̀ lé wọn dé ìlú yín: ní oṣù kẹfà 1851, ogun jó Àgbádárìgì. Akítóyè ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n gba òun. Wọ́n gbà á. Ní òpin 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Wọ́n ní torí kí òwò ẹrú lè dópin ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọmọ Akítóyè, Dòsùnmú, ló wà lórí oyè nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wọ inú ọ̀sà wá dúró. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ó kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n jẹ́ kó mọ ohun tí ìbọn ọkọ̀ náà lè ṣe. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, ó fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà. Wọ́n dá owó ẹyọ ẹgbẹ̀fà àpò, ìyẹn 1,200, fún un lọ́dọọdún. Ní 1863, wọ́n mú Àgbádárìgì náà mọ́ ọn.

N kò sọ pé kò sí rere kankan nínú bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri. Ó wà. Ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò ní bá mi jiyàn lórí ìyẹn, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn nísinsìnyí, torí ilẹ̀ yín ló tẹ̀ nígbà tó padà wá.

Ní 1821, ogun kó Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí tó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà, Àjàyí sì bọ́ sí Freetown. Ó kàwé. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ inú èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà, ti kú, ọ̀nà kò dára, wọ́n sì wà níbí fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Etíkun tí wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni, tó ń wàásù, tó ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ Àfàlá. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn.

Ní 1814, nígbà tí Àjàyí ṣì ń sáré kiri ní Òṣogùn, wọ́n bí ọmọ kan ní abúlé Moryntsi ní Ukraine. Taras Shevchenko ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, nítorí náà olówó wọn, Engelhardt, ló ni ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìránṣẹ́ inú ilé ni Engelhardt fi í ṣe. Ọmọ náà mọ àwòrán yà. Nígbà tó dé St. Petersburg, àwọn olórin àti ayàwòrán ńlá rí ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n sì bèèrè iye tí olówó rẹ̀ máa gbà. Ó ní 2,500 rubles. Karl Bryullov, ayàwòrán tó lókìkí jù nígbà náà, ya àwòrán akéwì Zhukovsky, wọ́n ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì fi owó náà ra Shevchenko bọ́ ní 1838. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé ewì rẹ̀ Kobzar jáde ní èdè àwọn àgbẹ̀ Ukraine, èdè tí àwọn olówó ń fi ojú tín-ín-rín.

Ẹ wo àwọn méjèèjì. Wọ́n ti ní iye owó lórí rí bí ẹrù. Láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn, 1840 àti 1843, ìwé wọn jáde, ti Shevchenko ní èdè abínibí rẹ̀, ti Àjàyí lórí èdè abínibí tirẹ̀, ìran tó tẹ̀ lé wọn sì di ìwé wọ̀nyẹn mú. Àwọn tó gba Àjàyí sílẹ̀ fẹ́ kó kọ̀wé torí ó wúlò fún iṣẹ́ tiwọn. Shevchenko kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní 1847, wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ogun kúrúńtù ní ọ̀nà jíjìn, Tsar Nicholas sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ yàwòrán. Ọdún mẹ́wàá ló fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó padà dé, ní 1858, ó pàdé Ira Aldridge, òṣèré aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní New York, tó wá ṣe eré Shakespeare ní St. Petersburg. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, Shevchenko sì ya àwòrán Aldridge. Shevchenko kú ní oṣù kẹta 1861, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kéde ní Rọ́ṣíà pé wọ́n ti tú àwọn àgbẹ̀ náà sílẹ̀.

Kí ló dé tí Tsar fi ń bẹ̀rù gègé ọkùnrin kan? Torí ẹni tó bá ní ìwé, tó ní èdè, tó ní ìtàn, yóò bèèrè ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 1863, mínísítà kan ní Rọ́ṣíà, Valuev, pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun títẹ ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ẹ̀kọ́ ní èdè Ukraine; ó ní kò sí èdè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1876, Tsar mú òfin náà le sí i. Kí wọ́n tó gba ilẹ̀ ènìyàn, tàbí kí wọ́n tó lè di ilẹ̀ tí wọ́n gbà mú, wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ pé ẹni náà kì í ṣe ènìyàn ọ̀tọ̀, pé kò ní ìtàn, pé ọmọ kékeré ni, ó ń fẹ́ alágbàtọ́. Wọ́n sọ ọ́ nípa wa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn bàbá wa kà ní ilé ìwé.

Nígbà tó yá, ìjọba Soviet gba ipò àwọn Tsar. Nípa ebi tí Stalin, olórí Soviet, fi pa Ukraine ní 1932 àti 1933, n kò ní sọ púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ púpọ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn so, ìjọba sì kó ọkà náà lọ. Wọ́n yẹ ilé wò, wọ́n gba èyí tí ìyá fi pa mọ́ fún ọmọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1933, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ má jáde kúrò ní Ukraine lọ wá oúnjẹ. Àwọn tó kú lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn àgbà tó wà níbí tí wọ́n rántí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí ebi inú ogun ń fi ojú ọmọdé ṣe.

Àwọn Tatar ńkọ́, àwọn tó ń kó ènìyàn lọ Kaffa? Catherine gba Crimea lọ́wọ́ wọn ní 1783. Ní oṣù karùn-ún 1944, Stalin kó gbogbo wọn, nǹkan bí 190,000, sínú ọkọ̀ ojú irin láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì dà wọ́n sí Asia. Ọ̀pọ̀ kú lójú ọ̀nà. Bákan náà, Dàhòmì tó lé àwọn baba ńlá yín dé ibí, Faransé ló fọ́ ọ láàárín 1892 sí 1894.

Nígbà tí Soviet ń tú ká, Ukraine dìbò. Ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ 1991 ni. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá, ìyẹn ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tó ní àwọn fẹ́ dá dúró. Ní Crimea pàápàá, 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà bẹ́ẹ̀. Àdó olóró núkílíà tí Soviet fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn pọ̀ débi pé orílẹ̀-èdè méjì péré ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Wọ́n gbà láti fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ 1994, ní Budapest, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà Ukraine. Ogún ọdún kò pé tí Rọ́ṣíà fi gba Crimea, ní oṣù kẹta 2014. Ní oṣù keje 2021, Vladimir Putin kọ àròkọ gígùn kan pé àwọn ará Rọ́ṣíà àti ti Ukraine, ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ Valuev ló tún padà wá yẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022, ọkọ̀ ogun rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan, Martin Kimani, aṣojú Kenya ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, dìde sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun ló fa ààlà wa láti òkèèrè láìbìkítà ẹni tí wọ́n ń pín sí méjì, ṣùgbọ́n a pinnu pé a kò ní torí ẹ̀jẹ̀ kan náà máa bá ara wa jà láti tún un fà. Kò sí ẹni tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ létí tó ẹ̀yin tó wà níbí. Ogu wà ní Àgbádárìgì, Ogu wà ní Àjàṣẹ́ lórí ilẹ̀ Benin. Ẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó lọ síbẹ̀, ẹ̀ ń sin òkú níbẹ̀, ìyá ẹlòmíràn ń bẹ lódìkejì ààlà Ṣẹ̀mẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí ìjọba kan bá dìde lọ́la tó ní torí pé ẹ jẹ́ ẹbí, kí wọ́n gbé ogun kọjá ààlà lọ kó yín pọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ kú? Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2022, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 141 tó ní kí Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Ohun tó tọ́ ni Nàìjíríà ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ. Wọ́n á ní: Bọ̀dá, a wò ó lórí fóònù. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 4,000 ọmọ Nàìjíríà ló ń kàwé ní Ukraine, ọ̀pọ̀ wọn nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nígbà tí wọ́n sá dé ààlà Póláǹdì, wọ́n ní kí àwọn aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n tì wọ́n sẹ́yìn nínú òtútù. Òótọ́ ni. Ìwà ìtìjú ni, àwọn tó hù ú sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tó ń já lu Kharkiv àti Sumy kò yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Ẹni tó tì wọ́n ní ààlà ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó mú kí wọ́n máa sá ṣẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè bínú sí àwọn méjèèjì, kí a má sì pa ìyàtọ̀ àárín wọn rẹ́. Bí a bá ní torí pé wọn kò sunkún wa a kò ní sunkún wọn, a ti ń sọ̀rọ̀ bíi àwọn tó jókòó ní Àgbádárìgì tí wọ́n ń wo ìgbèkùn tí wọ́n ń kó kọjá, tí wọ́n ń ní kì í ṣe ará ilé àwọn.

Ogun náà ti dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní 2024, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press gbé e jáde pé wọ́n fi ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì tan nǹkan bí 200 ọmọbìnrin láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Alabuga ní Rọ́ṣíà. Wọ́n sọ fún wọn pé wọn yóò máa kọ́ iṣẹ́, wọn yóò sì máa gba owó. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to drone tí wọ́n fi ń lu ìlú Ukraine ni wọ́n bá ara wọn. Àwọn ọkùnrin wà pẹ̀lú, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tí wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tàbí iṣẹ́ awakọ̀ làwọn ń lọ ṣe, tí wọ́n sì bá ara wọn lójú ogun.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀. Láti sáà 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé ìwé kékeré wa. Odindi ìran kan ló jáde láìkọ́ ọ, kí ìjọba tó pàṣẹ ní 2018 pé kí ó padà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìwé tuntun láti Abuja. Ẹ kó àwọn ọmọ gba ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà yìí. Ẹ sọ ẹni tó mú àwọn ènìyàn wá fún wọn, ẹni tó ra wọ́n, àti ẹni tó tà wọ́n, láì fi ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ẹ̀yin àgbà Gberefu, ohun tí ẹ mọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbà á sílẹ̀ lórí fóònù wọn, ní èdè Ogu, lọ́dún yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ òkè òkun lọ̀ yín, ẹ bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ wádìí rẹ̀, ẹ fi ìwé náà han ẹni tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà.